Ilé Tí Ìyá Mi Fọ̀ ní Jonesboro

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi kọ́kọ́ dé Atlanta, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin la dé sí. Ó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá kan ṣoṣo ni èmi, ọkọ mi àti ọmọbìnrin wa kékeré jọ ń sùn, ọmọ náà sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹkún ní kété tí ẹ̀gbọ́n wa bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀. Kò fìgbà kankan ráhùn. Àwa fúnra wa la mọ̀ pé ó ti tó àsìkò ká wá ibi tiwa.

Gbogbo ibi tí a bá dé, kírẹ́díìtì, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè, ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú, níbo ló ti fẹ́ rí kírẹ́díìtì? Torí pé a ò ní in, wọ́n á ní ká san dípọ́sìtì tó pọ̀, yàtọ̀ sí owó ilé oṣù àkọ́kọ́. Dípọ́sìtì ò ṣàjèjì sí wa. Kọ́ṣọ̀n là ń pè é nílé, owó tí onílé ń gbà pa mọ́ bí ayálégbé bá lọ ba nǹkan jẹ́. Nílé, ta ló tiẹ̀ ń rí kọ́ṣọ̀n rẹ̀ gbà padà? Ṣùgbọ́n wọ́n ní ti Amẹ́ríkà yàtọ̀, pé tí èèyàn bá tọ́jú ilé dáadáa, wọ́n á dá a padà. Ìṣòro wa ni pé kò sí owó náà lọ́wọ́ wa.

Ní Jonesboro la ti pàdé ọmọbìnrin kan tó ń fi ilé han èèyàn ní ófìsì àwọn ilé kan. Ó wo ìwé wa, ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn mi, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ ò ní láti san dípọ́sìtì,” ló wí. “Owó díẹ̀ lẹ ó máa fi kún owó ilé yín lóṣooṣù. Ilé iṣẹ́ kan wà tó máa dúró fún yín lọ́dọ̀ wa.”

Ọkọ mi yíjú sí mi, ó fi Yorùbá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ọlọ́run ló ṣe é. Jẹ́ ká gbà á.”

A fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn la kó wọlé. Ọmọ wa sáré láti pálọ̀ dé yàrá, ó tún sáré padà, kò sì sẹ́ni tó ní kó má pariwo. Ohun tí ó yé èmi àti ọkọ mi ni pé à ń san kọ́ṣọ̀n wa ní ṣísẹ̀ntẹ̀lé, bí ìgbà tí èèyàn ń dá èsúsú, pé lọ́jọ́ tí a bá ń lọ, a ó kó o. Mi ò lè sọ pé ẹnikẹ́ni purọ́ fún wa. Ọmọbìnrin yẹn sọ̀rọ̀ kíákíá ni, àwa náà sì gbọ́ èyí tí ọkàn wa ń fẹ́.

Ọdún ń gorí ọdún. Ọkọ mi ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan, èmi ríṣẹ́ ófìsì ní Downtown, àárín ìlú Atlanta, mo sì ń wọ bọ́ọ̀sì lọ wọ tíréènì láàárọ̀. Nígbà tí mo bí ọmọkùnrin wa, ìyá mi wá láti Ìbàdàn láti bá mi tọ́jú ọmọ. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún ni wọ́n sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn. Ìyá mi kì í jókòó sórí àga tí wọn ò bá tíì fọwọ́ nù ún. Ilé wá fún mọ́ wa. A rí ilé kan gbà ní Hampton, tí a ó ti rí yàrá fún ìyá mi, a sì bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹrù.

Mo fẹ́ pe àwọn tó ń fọlé fún owó. Ìyá mi kò gbà.

“Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe tí mi ò lè ṣe?” ni wọ́n bi mí. “Ilé tí èèyàn bá kó kúrò níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló ń ṣẹ́kù.”

“Mọ́mì, ẹ ti dàgbà jù fún iṣẹ́ yìí.”

“Gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn wá.”

Wọ́n so gèlè mọ́ orí, wọ́n ká apá bùbá wọn sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti yàrá ẹ̀yìn. Ọkọ mi lọ háyà ẹ̀rọ tó ń fọ kápẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ìyá mi ò fọkàn tán an. Bó ti ń ti ẹ̀rọ náà lọ níwájú ni wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lé e lẹ́yìn lórí ìkúnlẹ̀. Àbàwọ́n epo pupa kan wà nílẹ̀ níbi tí ọmọ wa ti da àsáró nù. Wọn ò fi í sílẹ̀ títí tí mi ò fi lè tọ́ka sí ojú ibẹ̀ mọ́. Wọ́n ti orí bọ inú ibi tí a ti ń yan nǹkan lábẹ́ sítóòfù, ọmọbìnrin mi sì ń pariwo pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tí ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ: “Grandma, e ma wọ inu ẹ o!”

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n pe àbúrò wọn ní Ìbàdàn lórí fídíò, wọ́n sì gbé fóònù káàkiri yàrá. “Ṣé o rí i? Bí ẹni pé a ò gbé ibẹ̀ rí.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n dúró láàárín pálọ̀, wọ́n gbàdúrà fún ẹni tó máa gbébẹ̀ lẹ́yìn wa. Ọjọ́ Ìsinmi ni, ófìsì ò ṣí. Ọkọ mi ya àwòrán yàrá kọ̀ọ̀kan, a ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpótí tí wọ́n ní ká jù ú sí, a bá tiwa lọ.

A ò tíì tú gbogbo ẹrù ní Hampton tí íméèlì fi wọlé sórí fóònù ọkọ mi. Ilé iṣẹ́ tó dúró fún wa ló kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn tó ni ilé Jonesboro béèrè owó kápẹ́ẹ̀tì fífọ̀, owó gbogbo ilé fífọ̀ nítorí ìdọ̀tí tó pọ̀ jù, owó sítóòfù, àti ti báláìndì ojú fèrèsé kan tó ṣẹ́. Wọ́n ti san án fún onílé. Ó wá ku kí àwa náà san án fún wọn. Bí a ò bá san án, wọ́n á fà á lé àwọn agbowó-gbèsè lọ́wọ́, kírẹ́díìtì wa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ á sì bàjẹ́.

Ọkọ mi pè wọ́n. Ó gbé fóònù sórí tábìlì kí n lè máa gbọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ nínú owó tí a ti ń san lóṣooṣù,” ló sọ fún ọkùnrin tó gbé e.

“Sà, owó yẹn kì í ṣe dípọ́sìtì. Owó tí ẹ san kí ẹ má baà san dípọ́sìtì ni, bí inṣọ́ránsì.”

“Ó dáa, tó bá jẹ́ inṣọ́ránsì ni, ṣé kì í ṣe inṣọ́ránsì ló yẹ kó sanwó?”

“Onílé ló ń dáàbò bò, sà, kì í ṣe ẹ̀yin. Ohun tí a bá san fún un, ọwọ́ yín la ti máa gbà á padà.”

Ohùn ọkùnrin náà ò le. Ó jọ pé kì í ṣe àwa lẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ ọ́ fún lọ́jọ́ yẹn. Ó ní bí a bá ní ẹ̀rí pé kò rí bẹ́ẹ̀, ká kọ́kọ́ lọ bá ófìsì ilé náà.

Ọkọ mi pa fóònù, ó ń wo ògiri. “Gbogbo ọdún yẹn,” ló wí. “Mo rò pé a ní nǹkan kan nípamọ́.”

Mo jókòó tì í. “Àìní ló jẹ́ ká gbà á,” ni mo sọ fún un. “Àìgbọ́n kọ́.”

A ò mọ̀ pé ìyá mi ti dúró lẹ́yìn wa, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn wọn. “Kí ni wọ́n ní?”

“Owó díẹ̀ ni wọ́n ní ká san, Mọ́mì.”

“Owó kí ni?”

Ọkọ mi ni kò lè parọ́ fún wọn. “Wọ́n ní ilé Jonesboro dọ̀tí, mà.”

Wọ́n tú ọjá, wọ́n gbé ọmọ fún mi, wọ́n jókòó. “Wọ́n ní mo fi ìdọ̀tí sílẹ̀.”

“Kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n ń bá wí. Wọn ò mọ̀ yín.”

“Èmi kọ́ ni mo fọ̀ ọ́?”

Wọn ò pariwo, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Nígbà tí àbúrò wọn pè láti Ìbàdàn, tó béèrè bí ìkólọ wa ṣe rí, wọ́n ní gbogbo rẹ̀ dáa, wọ́n sì tètè pa fóònù. Nígbà tó di Sátidé, wọ́n jáde láti yàrá pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì àti báàgì wọn. “Ẹ gbé mi lọ síbẹ̀.”

Ọmọbìnrin tó gbà wá wọlé kò sí ní ófìsì náà mọ́. Mánẹ́jà kan la bá níbẹ̀, obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí ó tó ẹgbẹ́ mi. Ó fara balẹ̀ gbọ́ wa. Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní ẹni tó yẹ ilé wò ló kọ ohun tó wà níbẹ̀, òun ò tíì débẹ̀ fúnra òun. Kí n tó sọ̀rọ̀, ìyá mi ti dìde. Wọ́n fi òyìnbó bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe mọ̀ pé wọ́n ti máa ń bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀ rí.

“Ẹ jọ̀ọ́, madam, ẹ mú mi lọ síbẹ̀. Ẹ fi ìdọ̀tí náà hàn mí.”

Obìnrin náà mú kọ́kọ́rọ́, ó dìde.

Nígbà tí a débẹ̀, ilẹ̀kùn ti wà ní ṣíṣí. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń to ohun kan tó dà bíi pákó sílẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà títí dé yàrá, kápẹ́ẹ̀tì ò sí. Ìyá mi ti bọ́ bàtà wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó rí i.

“Kápẹ́ẹ̀tì dà?” ni wọ́n bi mí.

Mo fi òyìnbó béèrè. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ní gbàrà tí a kó jáde làwọn ti ká a kúrò, pé gbogbo ilé tó wà lọ́wọ́ yẹn ni wọ́n ń pààrọ̀ ilẹ̀ rẹ̀.

Ìyá mi yíjú sí mánẹ́jà. “Kápẹ́ẹ̀tì wo lẹ wá fọ̀?”

Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún gbé e wọ̀. “Ẹ jẹ́ ká padà sí ófìsì,” ló wí.

Ó yọ owó kápẹ́ẹ̀tì. Ó wo àwòrán tí ẹni tó yẹ ilé wò yà, ó wo èyí tí àwa yà, ó sì yọ owó gbogbo ilé fífọ̀ náà. Nígbà tó kan báláìndì, ìyá mi fúnra wọn ló ní, “Ìyẹn, àwa la ṣẹ́ ẹ.” Ó kan sítóòfù. Ó yí kọ̀ǹpútà sí wa. Wọ́n ti gbé òkè sítóòfù náà, òróró jíjóná sì gbá jọ sábẹ́ rẹ̀, ó dúdú bí ọ̀dà. Ìyá mi tẹ̀ síwájú, wọ́n wò ó dáadáa.

“Òótọ́ ni,” ni wọ́n wí. “Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ń ṣí.”

Ọkọ mi wá béèrè nípa owó oṣooṣù wa. Mánẹ́jà mi orí. Ó ní ìyẹn ò sí lọ́wọ́ òun. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. “Èmi náà ń san án, níbi tí mò ń gbé. Nígbà tí mo kó kúrò lọ́dọ̀ ọkọ mi, ọmọ méjì ló wà lọ́wọ́ mi, owó ò sì sí.” Ohùn àwọn ará Amẹ́ríkà kì í tètè yé ìyá mi, mo bá túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì kọjá tábìlì, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi.”

Èyí ni mi ò túmọ̀. Ó hàn pé ó yé e.

Nínú mọ́tò, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò ní Jonesboro kí ìyá mi tó sọ̀rọ̀. “Abẹ́ sítóòfù yẹn ń dùn mí o.” Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú sẹ́rìn-ín, ìyá mi ń wò wá bí ẹni pé orí wa ti dàrú, kí àwọn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí a ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

A san owó sítóòfù àti ti báláìndì. Owó oṣooṣù wa kò padà. Mi ò lè bú ètò náà tán, torí òun ló jẹ́ ká rílé wọ̀ nígbà tí a ò ní nǹkan kan. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó lówó lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ á rí tirẹ̀ gbà padà, ẹni tí kò ní ló máa san owó tó lọ láìpadà.

Ìyá mi ti padà sí Ìbàdàn nígbà tí tọkọtaya kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bẹ̀rẹ̀ sí wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kan, wọ́n ń sọ pé àwọn ti rílé, pé wọn ò tiẹ̀ gba dípọ́sìtì lọ́wọ́ àwọn. Ọkọ mi bi wọ́n bóyá owó kan wà tí wọ́n á máa fi kún owó ilé. Ọmọkùnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ mi wá ṣàlàyé fún wọn, kò fi ohunkóhun pa mọ́. Ojú ìyàwó rọ̀.

“Uncle, a ti fọwọ́ sí i.”

“Kò burú. Ṣé ẹ ti kó wọlé?”

“Ìrọ̀lẹ́ òní la fẹ́ kó wọlé, sà.”

“Ẹ dúpẹ́ pé ẹ rílé. Ẹ má tíì to ẹrù. A máa bá yín lọ ya àwòrán gbogbo ibẹ̀.”

Bí a ṣe tẹ̀ lé wọn lọ nìyẹn. Ọmọkùnrin náà àti ọkọ mi fa fíríìjì kúrò lára ògiri, wọ́n ya ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi àti ìyàwó ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yà á, mo ń di ilẹ̀kùn mú. Nígbà tí a ṣe tán, ó ṣí kúlà tó gbé wá, ó bu ìrẹsì fún wa.