Àáró Ẹni Méjì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní abúlé wa tó wà lójú ọ̀nà Gúkà, obìnrin kì í kọ ebè iṣu. Kì í ṣe pé wọ́n sọ ọ́ di èèwọ̀ o. Ojú kò rí i rí ni. Obìnrin a ru ẹ̀ẹ̀bù lọ sóko, a gé koríko tí wọ́n fi ń bo orí ebè kí oòrùn má baà jó iṣu mọ́lẹ̀, a sì gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tó ń kọ ebè. Ṣùgbọ́n kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó gbé ọkọ́ ńlá yẹn sókè, kí ó máa wọ́ ilẹ̀ jọ títí yóò fi ga dé orúnkún, rárá. Ìwọ ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí, mo rí i pé o ń rẹ́rìn-ín, nítorí o mọ̀ pé ìyá rẹ ní oko iṣu tirẹ̀ lónìí. Dúró ná. Mo rí ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe é, ó ṣojú mi kòrókòró.

Ẹ̀yìn ilé wa ni tọkọtaya kan ń gbé. Wọn ò bímọ, nítorí náà kò sí orúkọ ọmọ tí a lè fi pè wọ́n bí a ṣe ń pe àwọn àgbà yòókù. Bàbá Ẹ̀yìnkùlé ni àwa ọmọdé ń pe ọkọ. Ìyá Màhí ni a ń pe aya, torí pé ọmọ Màhí ni, ẹ̀yà tí èdè wọn yàtọ̀ sí tiwa, ìtòsí Sàvàlú ni wọ́n ti gbé e wá. Ó gbọ́ èdè Ìṣà tiwa dáadáa, àmọ́ bí inú bá bí i, tàbí bí ó bá ń gúnyán, Màhí ló máa ń sọ, àwa ọmọdé á sì máa sín in jẹ. Ìjọ Àgùdà ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Fadá ló so wọ́n pọ̀ ní Sàvàlú. Ní abúlé wa, ilé kékeré tí a fi koríko bò ni ṣọ́ọ̀ṣì, katikíìsì ló ń darí àdúrà, ó máa ń pẹ́ kí fadá tó gun kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. A ò ní aago. Irin àgbá ọkọ̀ kan ni wọ́n so mọ́ igi mángòrò, Bàbá Ẹ̀yìnkùlé ló ń lù ú láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Bí ó bá lù ú tán, aya rẹ̀ á ti dúró tì í pẹ̀lú aṣọ mímọ́, wọ́n á jọ wọlé. Nígbà yẹn, ọkùnrin ló ń lọ níwájú, obìnrin á máa tẹ̀ lé e lókèèrè. Àwọn méjì yìí ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àwọn ènìyàn rí ìyẹn náà, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ sọ nípa rẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún, ọmọ ò dé. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Ẹ̀yìnkùlé, tó jẹ́ olórí ìdílé wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ìrọ̀lẹ́. Ọgbà koríko lásán ló pààlà wa, ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ ni à ń gbọ́. Ó ti rí ọmọbìnrin kan ní ìlú Agúà, àwọn òbí rẹ̀ ti gbà.

"Àbúrò mi, mi ò ní kí o lé ti Sàvàlú lọ. Kí o fi èyí kún un ni."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti sọ ọ́ níwájú Ọlọ́run pé òun nìkan ni."

"Níwájú fadá ni o ti sọ ọ́. Ṣé fadá ni yóò bímọ fún ọ? Òun gan-an ò bí!"

Gbogbo agboolé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ẹ̀yìnkùlé náà rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ yẹn pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbà. Ìyá mi wá sọ fún mi nígbà tí mo dàgbà pé Ìyá Màhí fúnra rẹ̀ bẹ ọkọ rẹ̀. Ó ní kó fẹ́ ọmọbìnrin náà, pé òun ò ní bínú. Ọkọ rẹ̀ ní, "Bí ìwọ ò bá bínú, èmi á bínú." Ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Kò tán lọ́dọ̀ ìdílé.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ àáró. Àwọn ọkùnrin àdúgbò kan á kó ara wọn jọ. Lónìí, gbogbo wọn á lọ kọ ebè lóko rẹ, lọ́la lóko tèmi, títí yóò fi kárí. Ẹni tí oko rẹ̀ bá kàn ló ń bọ́ àwọn yòókù. Wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀, ta ni ó mọ̀wé? Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gbàgbé. Jẹ iṣẹ́ ènìyàn kí o má san án, ojú rẹ ò ní lè wo tirẹ̀ mọ́. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, oko Bàbá Ẹ̀yìnkùlé ló kàn gbẹ̀yìn. Ó ti ṣiṣẹ́ lóko gbogbo wọn tán, títí kan ti bàbá mi. Òjò sì ti ń lọ sílé. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣì rọ̀ ni a ń kọ ebè. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ dé, ilẹ̀ á gan bí àpáàdì, ọkọ́ á máa dún lórí rẹ̀ bí ẹni ń na òkúta. Ẹni tí kò bá kọ ebè ṣáájú ìgbà yẹn, yóò máa wo ẹnu ẹlòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọjọ́ àáró rẹ̀ pé. Ìyá Màhí ti ń gúnyán láti ìdájí, ìyá mi lọ ràn án lọ́wọ́, èmi náà ru omi tẹ̀ lé wọn lọ sóko. A to igbá iyán àti ìkòkò ọbẹ̀ sábẹ́ igi irú. Bàbá Ẹ̀yìnkùlé ti bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀. Oòrùn gòkè, a ò rí ẹnì kankan. Oòrùn dé àárín orí. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọjá lójú ọ̀nà, ọkọ́ wà léjìká rẹ̀. Kò yà. Ó kàn dúró, ó pariwo pé, "Ṣé ọwọ́ ni ò ń wá? Ọwọ́ tí ò ń wá ń bẹ ní Agúà. Lọ mú un wá, a ó wá bá ọ."

Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá Màhí wo iyán tó ti ń gbẹ lójú. Kò sunkún. Ó pe gbogbo àwa ọmọdé tó wà lóko àyíká, ó ní kí a wá jẹun. Ọkọ rẹ̀ fọ ọwọ́, ó ya àmì àgbélébùú, ó sì gbàdúrà sórí oúnjẹ náà bí ẹni pé gbogbo ẹgbẹ́ àáró ló jókòó síbẹ̀. A jẹ, ẹ̀yin ọmọ mi, a jẹ. Ẹran ìgbẹ́ wà nínú ọbẹ̀ yẹn. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń bẹ Ọlọ́run pé kí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tún wá. Mi ò mọ̀ pé ìbànújẹ́ ẹlòmíràn ni mò ń fi òkèlè bu. Nígbà tí a délé, bàbá mi jókòó síwájú ilé, ó ń pọ́n ọkọ́ tí kò lò lọ́jọ́ náà. Kò gbójú sókè wo ìyá mi.

Kò pẹ́ sí i, Ìyá Màhí di ẹrù kékeré kan, ó gun ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Sàvàlú. Ìròyìn tàn pé ó ti lọ. Ẹ̀gbọ́n gbé ọtí dání wá sẹ́yìnkùlé.

"Ó ti rọrùn báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ọ̀nà sílẹ̀."

"Ó ní òun ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Obìnrin wo ló ń kọ ọkọ sílẹ̀ tí kò ní sọ pé òun ń bọ̀?"

Bàbá Ẹ̀yìnkùlé kò mu ọtí náà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó lu irin bó ti máa ń lù ú, ó sì dá nìkan wọlé. Katikíìsì sọ fún ìyá mi pé ó wà lórí eékún rẹ̀ títí lẹ́yìn tí gbogbo ìjọ ti jáde. Má bi mí ní ohun tó bá Ọlọ́run sọ. Kò sọ fún ẹnì kan.

Ọjọ́ ọjà ni ọkọ̀ akẹ́rù já Ìyá Màhí sílẹ̀. Ọkọ́ tuntun kan wà lórí rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni arákùnrin ìyá rẹ̀ ní Sàvàlú, òun ló ti lọ bá. Alágbẹ̀dẹ abúlé wa ò jẹ́ rọ ọkọ́ ebè fún obìnrin, bó ti wù kó bẹ̀ ẹ́ tó. Èyí kéré díẹ̀ sí ti ọkùnrin, wọ́n sì gbẹ́ ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ bá ọwọ́ Ìyá Màhí mu. Ó gbé e kọ́ sára ògiri, ó dáná, ó se ọbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì jọ lọ sóko.

Gbogbo ènìyàn wá wòran. Ebè Ìyá Màhí ò gún. Òmíràn rí gọ̀ọ́gọ̀ọ́, òmíràn tẹ̀ bí òkìtì ikán tí ewúrẹ́ jókòó lé. Ọkọ rẹ̀ ò tún ọ̀kankan ṣe. Ó ní iṣu ò mọ ebè tó rẹwà. Ẹ̀gbọ́n náà wá, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wò ó! Ìyàwó àbúrò mi ti di ọkùnrin!"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n," Bàbá Ẹ̀yìnkùlé ló dáhùn, kò tilẹ̀ nàró. "Ẹgbẹ́ àáró mi ni."

A rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àáró, wọ́n ń san án ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí àwọn obìnrin ń lọ sódò, a rí Bàbá Ẹ̀yìnkùlé tó gbé ìkòkò omi aya rẹ̀. Ọkùnrin! Kò mọ òṣùká í ká. Ó ká a, ó tú. Ó tún un ká. Nígbà tó ń bọ̀ láti odò, ìkòkò ń mì lórí rẹ̀, omi ń ṣàn sí i lójú, sí i láyà. Gbogbo àwa ọmọdé tẹ̀ lé e. "Ìyá Olómi! Ìyá Olómi, ẹ kú ìnira!" Ó ń dá wa lóhùn pé, "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi kí bàbá yín." Ìyá Màhí jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ti bó, ó ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ délé, omi tó kù nínú ìkòkò ò ju èyí tí adìyẹ lè mu lọ. Aya rẹ̀ ká òṣùká náà fún un dáadáa, ó fi hàn án bí ọrùn ṣe ń dúró, Bàbá Ẹ̀yìnkùlé sì padà lọ sódò.

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí lójoojúmọ́. Láàárọ̀, wọ́n á jọ kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ oko, wọ́n á gbàdúrà ṣókí, wọ́n á kọ ebè. Nírọ̀lẹ́, ọkọ á ru omi.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, a ń jẹun nílé wa, ó ń kọjá pẹ̀lú ìkòkò lórí. Bàbá mi fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá mi gbé abọ́ ọbẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹni tí ẹ̀yin ò san àáró rẹ̀ ló ń san ti ìyàwó rẹ̀ yẹn." Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mi fọ ọwọ́ rẹ̀, òkèlè ṣì kù nínú abọ́.

Ní àárọ̀, ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó lọ síbẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó mú poro tó tẹ̀ lé ti Ìyá Màhí, ó bẹ̀rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, àwọn méjì mìíràn ti wá. Lọ́jọ́ kejì wọ́n pọ̀ díẹ̀ sí i, kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n ò wá. Ilẹ̀ ti ń le, apá kan oko náà ni ọyẹ́ ká mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n fi í sílẹ̀. Iṣu ọdún yẹn ò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rí jẹ, a sì rí i pé iṣu ta nínú ebè wíwọ́ náà. Ọmọbìnrin Agúà fẹ́ aránṣọ kan ní Bantè, ó sì bímọ tó pọ̀.

Ẹ óò máa retí pé kí n sọ pé Ìyá Màhí bímọ lẹ́yìn gbogbo èyí. Kò bí. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí gbogbo rẹ̀ ń parí sí ọmọ tàbí ilé. Ti àwọn wọ̀nyí ò parí síbẹ̀. Wọ́n kàn jọ wà ni. Wọ́n jọ darúgbó, irin igi mángòrò ń dún, Bàbá Ẹ̀yìnkùlé ń ru omi, kò sì sí ẹni tó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, ó ti mọ́ wa lójú.

Òun ló kọ́kọ́ kú. Mo ti bímọ nígbà yẹn. Lẹ́yìn ìsìnkú, tí ìgbà ebè tún dé, ẹgbẹ́ àáró àtijọ́, àwọn tó kù nínú wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, lọ sóko opó náà. Ìyá Màhí jáde sí wọn, ó ní, "Ẹ padà sílé. Kò sí ẹni tó máa bá mi san án fún yín mọ́." Bàbá mi fara ti ọkọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, ọjọ́ kan ṣì wà lọ́rùn wa láti ọjọ́ tí àwọn ọmọdé jẹ iyán." Ẹ̀gbọ́n wà láàárín wọn lọ́jọ́ yẹn. Arúgbó ni, kò lè gbé ọkọ́ mọ́, ó kàn jókòó sábẹ́ igi irú.

Nígbà tí bàbá ńlá rẹ wá tọrọ mi, ìwọ ọmọ yìí, wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo bá fẹ́. Mo bi í bóyá ó lè ru omi. Ó ní, "Láti ibo?" Mo mọ̀ pé ó ti gbà. Ìdájí ló máa ń lọ, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ má baà rí i. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ò lè di Bàbá Ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ayé ti yí. Àáró ti kú. Alágbàṣe ni a ń bẹ̀, igi kajú ti gba ilẹ̀ iṣu, alùpùpù ń gbé yín dé Gúkà kí n tó wẹ̀ tán. Obìnrin ń kọ ebè, ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ sí i. Ìyẹn dára. Ìwọ ọmọ ọmọ mi àti ẹni tí o fẹ́ fẹ́, ẹ óò ṣègbéyàwó ní Sàvàlú lẹ́yìn ìkórè yìí, fọ́tò yóò pọ̀ níbẹ̀, fadá yóò sì bi yín ní ohun tí wọ́n bi àwọn méjì yẹn. Ọ̀rọ̀ náà ò yí padà. Ohun tí ẹ óò fi ọwọ́ yín ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni mi ò mọ̀. Omi pọ́ǹpù ti dé ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹni tó ń ká òṣùká mọ́. Ẹ wá nǹkan mìíràn tí ẹ óò máa rù fún ara yín.