Iná Kékeré Inú Ọkọ̀ Pupa

Ní ọgbà mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn ojú irin, níbi tí Ìkẹjà ti ń tán lọ tí Agége sì ń bẹ̀rẹ̀, bí o bá ní Sùlíyá lò ń wá, wọ́n á bi ọ́ pé Sùlíyá wo. Bí o bá wá fi "rewáyà" kún un, gbogbo ìka á nà sí ibì kan náà: abẹ́ páànù kan tó ti dípẹtà, níbi tí obìnrin kan tó fi ìborí dúdú di orí rẹ̀ pinpin ti kó sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan lo máa rí. Ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ni wọ́n ń pè ní rewáyà. Obìnrin tó ń ṣe é kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó máa ń dúró wòran Sùlíyá nígbà kan ti wòran títí, ó ti sú wọn.

Kì í ṣe iṣẹ́ iná ló kọ́kọ́ wù ú. Ọ̀dà ni. Bàbá rẹ̀ ni Bàbá Pẹ́ńtà, tó ní ṣẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ jù nínú ọgbà náà. Abdulhakeem ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ bóyá lémọ́ọ̀mù nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni Sùlíyá ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì, tí yóò máa wo bí ọkọ̀ tó wọlé pẹ̀lú imú wíwó ṣe ń jáde bí ọkọ̀ ìyàwó. Ó fẹ́ gba ìbọn ọ̀dà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kí òun náà máa fín in. Ṣùgbọ́n ikọ́ fée ń bá a jà. Lọ́jọ́ tó wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi yí, Bàbá Pẹ́ńtà fà á lọ́wọ́ jáde, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọ̀dà kò bá àyà rẹ mu. Ọlọ́run kò ní í gba ọ̀nà kan lọ́wọ́ èèyàn kó má ṣí òmíràn." Ó mú un lọ bá Ọ̀gá Job, ará Èkìtì kan tó jẹ́ rewáyà ní ṣẹ́ẹ̀dì kejì. Ọ̀gá Job kọ́ ọ dójú àmì kó tó kó ẹrù rẹ̀ padà sílé lọ sinmi. Ohun tó máa ń tẹnu mọ́ jù ni pé, "Iná kì í purọ́. Èèyàn ni kì í fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ."

Nípa Bàbá Pẹ́ńtà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí gbogbo ọgbà mọ̀. Bó bá kun ọkọ̀, kì í kun ibi tí oníbàárà máa rí nìkan. Ó máa ń kun ẹ̀yìn fẹ́ńdà, ó máa ń kun abẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ó máa ń kun ihò tó jẹ́ pé aláǹgbá nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi lé e lọ́wọ́ pé ibi tí ojú kò dé gan-an la ti ń mọ oníṣẹ́. Àwọn pẹ́ńtà yòókù ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń fi ọ̀dà ṣòfò, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ tiwọn wá.

Òfin kan sì wà nínú ọgbà yẹn tí wọ́n ń pa mọ́ ju òfin iná ojú pópó lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi irin kan ọ̀dà ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ẹni tó kùn ún dúró níbẹ̀. Ìbáà ṣe ihò tí kò ju ìdí abẹ́rẹ́ lọ lo fẹ́ lu, wàá lọ pe onítọ̀hún wá. Ọwọ́ ẹni ni iṣẹ́ ẹni, wọn kì í ha ọwọ́ ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó yá, ojú Bàbá Pẹ́ńtà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ó ń rí ọkọ̀, ó ń rí èèyàn, ṣùgbọ́n ohun kékeré ti ń bọ́ mọ́ ọn lójú. Ó wá di pé bó bá po ọ̀dà tán, á pariwo sí ṣẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀, "Àbẹ̀kẹ́, wá bá mi wò ó. Ṣé ó bára mu?" Sùlíyá á wá, á wò ó, á ní, "Ó bára mu, Bàbá," tàbí, "Ó kù díẹ̀, ẹ fi dúdú kún un." Ohun tó bá sọ ni bàbá rẹ̀ ń gbà, kì í bi ẹlòmíràn.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ọkọ̀ pupa yìí ni òun máa fi kádìí iṣẹ́. Ọkọ̀ Olúwarótìmí ni, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta fóònù ní Allen tó sì ń gbé ní Ọmọ́lẹ̀. Spọ́ọ̀tì káà onílẹ̀kùn méjì ni, ó rẹlẹ̀ débi pé èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ kó tó wọ inú rẹ̀. Ẹnì kan ló gbá a níwájú lápá ọ̀tún. Wọ́n na irin rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ fẹ́ńdà, Bàbá Pẹ́ńtà sì kùn ún tí èèyàn fi lè fi ara rẹ̀ wo dígí. Wọ́n ti fi ọjọ́ Jímọ̀ sí i: kó tó di àkókò ìrun, ọkọ̀ náà á jáde, lẹ́yìn ìrun, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ á ṣàdúà fún Bàbá, Bàbá á sì gbé ìbọn ọ̀dà rẹ̀ lé Praise lọ́wọ́, pẹ́ńtà tó kọ́ níṣẹ́ títí tó fi gba fírídọ̀ọ̀mù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, Rótìmí wá gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde láti tẹ́ ẹ wò. Kò tíì dé orí afárá tó fi padà wá. Iná kékeré kan tó pọ́n bí ọsàn ti tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, iná tó ń kìlọ̀ nípa bírékì.

Ó ní, "Bàbá, ọ̀dà yín ò ní àfiwé. Ṣùgbọ́n iná yìí ò sí níbẹ̀ kí ọkọ̀ yìí tó wọ ọgbà yín."

Òótọ́ ni. Kò pariwo, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ pé bí kò bá kú títí di ọjọ́ Jímọ̀, òun á gbé e lọ síbòmíràn, nítorí òun kò lè fi bírékì tó ń kìlọ̀ rin ọ̀nà Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ọgbà mẹkáníìkì kò yàtọ̀ sí ìdí omi ẹ̀rọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń sọ ọ́ láti ṣẹ́ẹ̀dì dé ṣẹ́ẹ̀dì pé ojú Bàbá Pẹ́ńtà ti lọ, ó ti ba ọkọ̀ olówó jẹ́. Sùlíyá gbọ́ ọ níbi tó ti ń ra búrẹ́dì. Inú bí i débi pé ó gbàgbé búrẹ́dì ọ̀hún sílẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bó bá gba kí òun tú gbogbo wáyà inú ọkọ̀ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò ní í fi ẹnu yẹn sin bàbá òun jáde nídìí iṣẹ́.

Ó so skánà, ẹ̀rọ tó ń ka àléébù ọkọ̀, mọ́ ọn. Skánà ní sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣọ́ bí táyà ọ̀tún níwájú ṣe ń yí ni. Ó wá òmíràn, ó pààrọ̀ rẹ̀. Iná kú, ó tún tàn. Ó tọ wáyà sẹ́ńsọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí ibi tó já. Ó tú u, ó dì í, ó tún tú u. Ìyẹ̀fun ọ̀dà gbígbẹ gbé ikọ́ rẹ̀ dìde, ó jókòó, ó fa oògùn rẹ̀ sí ọ̀fun, ó sì padà sábẹ́ ọkọ̀. Bàbá rẹ̀ kò bi í ní nǹkan kan. Ó kàn ń gbé omi tútù wá fún un, á dúró díẹ̀, á lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Praise wá bá a. Ó ní, "Àǹtí Sùlí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ara yín. Ẹ jẹ́ ká wọ́nà pa iná yẹn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù jàre. Bírékì ń ṣiṣẹ́, àbí kò ṣiṣẹ́?"

Sùlíyá ní, "Praise, bí ọmọ bá ń ké, ṣé wọ́n máa ń fi aṣọ dí i lẹ́nu ni? Yàgò fún mi."

Ìgbà tó lé e lọ tán ni ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Job sọ sí i lọ́kàn. Ó jókòó sínú ọkọ̀ náà, kò fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Ó ṣíná, ó ń wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Kò tàn. Ó tan rédíò. Kò tàn. Ó tan iná iwájú, kò tàn. Ó wá tan afẹ́fẹ́ tútù pọ̀ mọ́ ọn, ó sì tẹ bírékì. Iná ọsàn náà là wàì. Ó ní, "Hẹn-ẹ́n! Mo ti gbọ́ ẹ."

Ohun tó gbọ́ rèé. Iná tó bá jáde nínú bátìrì gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀, irin ara ọkọ̀ ló sì máa ń gbà padà. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bírékì ní wáyà kan tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ara irin náà. Àwọn rewáyà ń pè é ní ẹ́ọ̀tì. Bí ojú ibi tí wọ́n dè é mọ́ kò bá mọ́, á dà bí ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí tí wọ́n ṣí apá kan ṣoṣo lẹ́yìn ìrun Jímọ̀: èèyàn díẹ̀ á kọjá, ṣùgbọ́n bí gbogbo ìjọ bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á há. Sùlíyá mú mítà rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó rí i pé iná ń há. Ó tọ wáyà náà lọ sẹ́yìn fẹ́ńdà ọ̀tún, ó yọ ike tó bò ó, ó sì tú bóòtù.

Abẹ́ bóòtù náà pupa. Ó ń dán gbinrin. Ó dán ju ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ.

Ibi tó yẹ kí irin wà ní ìhòòhò, bàbá rẹ̀ ti kùn ún, ó ti fọwọ́ ìfẹ́ kùn ún bó ṣe ń kun gbogbo ibi tí ojú kò dé. Ojú rẹ̀ tó ti ṣe bàìbàì kò jẹ́ kó rí àmì ibi tí wáyà ń jókòó sí. Irú ọkọ̀ ayé àtijọ́ tó kọ́ṣẹ́ lórí wọn sì lè fara da á, ṣùgbọ́n ti ìsinsìnyí kò gba gbẹ̀rẹ́. Àánú bàbá rẹ̀ ṣe é débi tí omi fi lé sí i lójú.

Praise ti yọjú lẹ́yìn rẹ̀, ó sì rí ohun tó rí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ fi sáńpépà ha á kíá. Ẹ dì í padà. Ká ní sẹ́ńsọ̀ ni. Ta ló máa mọ̀?"

Sáńpépà ti wà lọ́wọ́ Sùlíyá. Bíńtín báyìí ló kù. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ lóòótọ́. Bàbá rẹ̀ á gbé ìbọn rẹ̀ lé Praise lọ́wọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, á sì lọ sinmi pẹ̀lú ìdùnnú. Ó rò ó, mi ò ní í parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ẹlòmíràn ni, òfin sì wà. Bó bá sì di pé ó lè purọ́ fún ẹni tó jẹ́ pé ẹnu òun ló fi ń ríran, kí ni "ó bára mu" tó ti ń sọ láti ọjọ́ yìí wá já mọ́? Ó gbé sáńpépà sílẹ̀, ó sì lọ pe bàbá rẹ̀.

Bàbá ti wọ jàlàbíà funfun, ó ti fẹ́ máa lọ sí mọ́sálásí. Rótìmí náà ti dé, ó ń dúró de ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ojú ẹni tó ti gba kádàrá. Sùlíyá kúnlẹ̀.

"Bàbá, mo ti rí i. Ọ̀dà ni. Ẹ kun ojú ẹ́ọ̀tì. Mi ò lè ha á láìsí yín níbẹ̀."

Bàbá Pẹ́ńtà rìn lọ síbi ọkọ̀, ó fi jàlàbíà funfun rẹ̀ kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ àti ọ́ìlì, ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn fẹ́ńdà, ó sì fi ìka tọ́ ibẹ̀ wò.

Ó ní, "Ó dán."

"Ó dán jù, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tó ro mọ́ omijé. "Ọ̀gá mi kọ́ mi pé kí n máa kun ibi tí ojú kò dé. Kò kọ́ mi ní ibi tí kò yẹ ká kùn. Fún mi ní sáńpépà."

Praise sáré wá láti gbà á ṣe, Bàbá fọwọ́ tì í sẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló ha á. Kò kánjú. Ó ń ha, ó ń fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń ha, ìyẹ̀fun pupa ń dà sí apá aṣọ funfun, títí irin fi jáde ní ìhòòhò. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó kọjú sí Rótìmí. "Ọmọ mi, èmi ni mo fa iná yẹn. Má bínú."

Rótìmí dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Sùlíyá dá wáyà padà, ó di bóòtù pinpin, ó fi skánà nu àkọsílẹ̀ àléébù náà kúrò. Ó ṣíná. Ó tan iná iwájú, ó tan afẹ́fẹ́, ó tan rédíò, ó tan gbogbo ohun tó ṣeé tàn, ó sì tẹ bírékì mọ́lẹ̀. Gbogbo èèyàn ki orí bọ fèrèsé. Praise fò sókè. Rótìmí ń pariwo, "Ó ti kú! Ó ti kú!" Àwọn tó ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn láti ọjọ́ yìí ni ariwo tiwọn tún pọ̀ jù.

Bàbá Pẹ́ńtà bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé, ó wo dáṣíbọ́ọ̀dù náà títí, ṣùgbọ́n iná bíńtín bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ojú rẹ̀ lè mú mọ́. Kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn nínú àwọn tó ń pariwo. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé ó ti kú?"

"Ó ti kú, Bàbá."

"Ó ti kú nìyẹn," ni ó wí. Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì mú ọ̀nà mọ́sálásí pọ̀n, láìgbọn ìyẹ̀fun pupa tó wà lápá aṣọ rẹ̀.