Ìyá Fèrèsé àti Yàrá Tí Kò Ní Fèrèsé

Kì í kí ènìyàn kó tó ṣí fèrèsé. Bó bá wọ láàbù láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sí fèrèsé àkọ́kọ́, sí èkejì, sí ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ni yóò wá yíjú sí àwọn tó ti jókòó, tí yóò ní, "Ẹ káàárọ̀." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ìyá Fèrèsé nìyẹn. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ń tọ́jú sítọ́ọ̀ kẹ́míkà ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, okùn dúdú ló sì fi gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn.

Nílé, ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, kò gbọdọ̀ tan gáàsì kí fèrèsé ilé ìdáná tó ṣí. Òdìkejì títì ló ti ń mu sìgá, òjò ì báà máa rọ̀. Bí àwọn aládùúgbò bá bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀, a ní, "Ìyàwó mi ló lé mi jáde. Ṣùgbọ́n ó fún mi ní agbòjò."

Nínú gbogbo ohun tó wà ní sítọ́ọ̀ náà, asetóònù ló ń ṣọ́ jù. Ó mọ́ bí omi mímu. Òun ni wọ́n fi ń ṣan ìgò láàbù kó lè tètè gbẹ, òun náà sì ni àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà kúrò léèékánná. Kò pẹ́ rárá tí yóò fi gbiná.

"Ẹ má tíì bẹ̀rù omi rẹ̀," bó ṣe máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun nìyẹn. "Atẹ́gùn tó ń jáde lára rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ẹ ò lè rí i. Ó wúwo ju èyí tí à ń mí lọ, kì í fò lọ sókè. Ó máa ń rá nílẹ̀ bí ọmọ oṣù méje. Á rá gba abẹ́ tábìlì, á rá gba abẹ́ ìlẹ̀kùn, títí yóò fi kan iná níbi tó jìnnà. Tó bá ti kan iná, kì í rá padà. Ó máa ń sáré padà ni."

"Màmá, ṣé ẹ ti rí i kó sáré rí?"

"Mi ò tíì rí i. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣí fèrèsé."

Bó bá fẹ́ bu asetóònù láti inú dírọ́ọ̀mù irin sínú agolo irin, a kọ́kọ́ fi wáyà kan so àwọn méjèèjì pọ̀, kí iná tín-ín-rín má baà ta láàárín wọn bí omi náà ṣe ń ṣàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe wáyà náà ní ìwọ́.

"Màmá, ṣé ẹ ti so ìwọ́ ọmọ yín?"

"Mo ti so ó. Dúró sẹ́yìn kí n gbẹ̀bí."

Kò sì sí ẹni tó ń gbà ju ìdajì lítà lọ lẹ́ẹ̀kan, ì báà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ọ̀gá láàbù tuntun dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó máa ń rìn bí ẹni tó gbé ìkòkò sórí iná sílẹ̀ nílé. Ó fi aago ọwọ́ wo bí ìyá náà ṣe ń ṣiṣẹ́: akẹ́kọ̀ọ́ kan dúró fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá kó tó gba asetóònù. Ní ọjọ́ Ajé, ó ránṣẹ́ pè é.

"Màmá, ẹ jókòó."

Ìyá Fèrèsé kọjá lẹ́yìn àga ọ̀gá, ó ṣí fèrèsé kó tó wá jókòó.

"Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ gan-an nìyẹn," ni ọ̀gá wí.

"Ooru mú níbí, ọ̀gá."

"Ẹ̀rọ amúlétutù wà ní títàn, Màmá."

Ìyá náà wo ẹ̀rọ náà bí ẹni ń wo àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ.

Ọ̀gá ní àwọn ènìyàn ń fi í sùn. Ó ní ó máa ń dá iṣẹ́ dúró. Akọ̀wé òun gan-an sọ pé Màmá lé òun jáde ní láàbù nítorí fóònù. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí ó kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kí ó máa lọ sí yàrá fáìlì. Iṣẹ́ tó fúyẹ́ ni. Òun yóò fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

"Mo gbọ́, ọ̀gá," ni ìyá náà wí.

Yàrá fáìlì wà láàárín ògiri méjì ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gílóòbù ni wọ́n ń tàn níbẹ̀ láti àárọ̀. Kò ní fèrèsé kan ṣoṣo.

"Ìwọ? Ní yàrá tí kò ní fèrèsé?" ni ọkọ rẹ̀ bi í nírọ̀lẹ́. "Kí ni wọn yóò wá máa pè ọ́ báyìí?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ wò ó díẹ̀, ó dìde, ó sì lọ ṣí fèrèsé ilé ìdáná láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Ní Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́wàá, ọ̀gá àti akọ̀wé wà ní yàrá tíì. Yàrá kékeré ni: fíríìjì kan, kẹ́tùlù oníná kan, àga méjì, fèrèsé kan tó wà ní títì. Ọ̀fìnkìn ti ń bá ọ̀gá jà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú mílíìkì nínú fíríìjì, ó ti pa á dé. Akọ̀wé jókòó, ó gbé ìwé tí ọ̀gá fẹ́ fọwọ́ sí lé itan, ó fi ọwọ́ kan pa mọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Fèrèsé wá kó ife rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀, ojú rẹ̀ ló tẹ̀ lé e: omi tín-ín-rín kan ń yọ lábẹ́ ìlẹ̀kùn fíríìjì. Ọwọ́ ọ̀gá ti ń lọ sí súìṣì kẹ́tùlù.

"Ọ̀gá, ẹ má tan ìyẹn." Ohùn rẹ̀ kò ga ju ti ẹni tó ń tọrọ iyọ̀ lọ.

"Tíì lásán ni, Màmá."

"Mo mọ̀. Ẹ dá ọwọ́ yín padà. Ẹ má fọwọ́ kan súìṣì kankan, ì báà ṣe láti tàn án tàbí láti pa á. Asetóònù wà nínú fíríìjì yẹn."

"Mi ò gbóòórùn nǹkan kan."

"Imú yín ti dí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Tèmi ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí."

Akọ̀wé fò dìde. "Ẹ jẹ́ kí n yọ fíríìjì kúrò lára iná."

"Má yọ ọ́, ọmọ mi. Tó o bá fà á yọ, iná máa ta níbẹ̀. Ẹ jáde, ẹ̀yin méjèèjì."

Ó rìn kọjá, ó ṣí fèrèsé, ó fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Fíríìjì náà dákẹ́. Ó mọ ìwà rẹ̀: yóò dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, yóò dún kọ́, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nínú kọ́ yẹn ni iná kékeré kan ń gbé. Kò sáré, ṣùgbọ́n kò dúró. Ó jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí súìṣì àgbà wà, ó sì fà á wálẹ̀.

Gbogbo ilé náà dákẹ́. Kọ̀ǹpútà kú, ẹ̀rọ amúlétutù kú. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún, fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn tó ń ṣí i.

Lẹ́yìn wákàtí kan, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ṣí fíríìjì. Ike omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé mílíìkì sí, kò ní àkọlé. Ara rẹ̀ ti funfun, ó ti tẹ̀ bí àgbàlagbà tí ìbàdí ń dùn, ìdí rẹ̀ sì ti sán.

"Asetóònù máa ń jẹ irú ike yìí," ni ó wí.

Ọ̀gá wo ike náà pẹ́. "Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mu ún láàárọ̀. Mo rò pé omi ni." Ó yíjú padà. "Ta ló gbé e síbẹ̀?"

Akọ̀wé fi ọwọ́ méjèèjì pa mọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Ìyá Fèrèsé ti rí ọwọ́ akọ̀wé nígbà tó fò dìde. Èékánná márùn-ún pupa, márùn-ún kò ní nǹkan kan. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó nà án sí i.

"Gbà, ọmọ mi, wọ èyí. Màá wá òmíràn. Wá bá mi gbé garawa iyanrìn, ká fi fa omi yìí gbẹ."

Akọ̀wé wọ̀ ọ́ kíá. Ọ̀gá kò rí nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n gbé iyanrìn náà dé ìta, akọ̀wé ní, "Màmá, èmi ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló bù ú fún mi."

"Mo mọ̀. Ìka rẹ ti sọ fún mi."

"Mo gbé e sínú fíríìjì kó má baà gbẹ ni. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ó máa ń tètè fò lọ."

Ìyá náà gbé garawa sílẹ̀. "Mo sọ ọ́ lóòótọ́. Lọ́jọ́ tó o wá tọrọ ẹ̀, mo kàn ní kó o lọ ra tìẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó yẹ kí n sọ ìyókù fún ẹ."

"Ṣé ẹ máa sọ fún ọ̀gá?"

"Ìwọ lo máa sọ fún un. Èmi, fèrèsé ni mò ń ṣí."

A kò mọ ohun tí akọ̀wé àti ọ̀gá bá ara wọn sọ. Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá wá sí sítọ́ọ̀ fúnra rẹ̀. Ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ya á sí mẹ́rin.

"Kọ́kọ́rọ́ yẹn, Màmá, ẹ jẹ́ kó wà lọ́rùn yín." Ó sín. "Kí ló tún kù tí mo lè ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá fèrèsé sí yàrá fáìlì."

"Ẹ ò lọ síbẹ̀ mọ́ kẹ̀."

"Mo mọ̀. Ẹlòmíràn lè lọ."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bíríkìlà wá, ó dá ògiri náà lu, ó sì fi fèrèsé sí i. Ìyá Fèrèsé ló kọ́kọ́ ṣí i. Nígbà tó délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n dá a, àbí?" ni ọkọ rẹ̀ wí. Inú rẹ̀ dùn. Ó fọwọ́ kan àpò ẹ̀wù rẹ̀. "Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí báyìí, ṣé mo lè máa mu sìgá mi nínú ilé?"

Ìyàwó rẹ̀ na agbòjò sí i.