Fọ́tò Amọ̀kòkò Ipogun

Òórùn kíkan ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn nínú yàrá tí a ń kó àwọn fọ́tò àtijọ́ sí, nílé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan tó wà ní Àkúrẹ́ nígbà náà, tí kò sí mọ́ lónìí. Fíìmù tó ń bàjẹ́ ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà rántí àwọn ọdún yẹn, ọ̀rẹ́ mi: owó oṣù kì í wọlé, iná ọba ti di àlejò, a kò sì rí epo ra sí jẹnẹrétọ̀ tó yẹ kó máa mú yàrá náà tutù. Ọ̀rinrin wá wọ àwọn fọ́tò náà, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ń ti abúlé dé abúlé, láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ dé Ipogun títí lọ sí agbègbè Oǹdó, ló ya àwọn fọ́tò náà nígbà tí àwọn òbí wa ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Mo máa ń jókòó sáàárín wọn bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Inú mi kì í dùn níbẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọ.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin méjì wọlé tọ̀ wá láti Oǹdó. Èyí àgbà, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Èkejì, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló mú un lọ́wọ́. Màmá àgbà ló ṣàlàyé ohun tó gbé wọn wá. Àbúrò òun ló bí olùkọ́ yìí, amọ̀kòkò ni ní Ipogun, ó sì kú nígbà tí ọmọ ṣì wà lẹ́nu ọmú. Nínú ẹbí tiwọn, bí abiyamọ bá kú báyẹn, wọn kì í jẹ́ kí fọ́tò rẹ̀ kù sílé. Wọ́n gbà pé bí ọmọ bá ń rí ojú ìyá rẹ̀, àárò á mú un tẹ̀lé e lọ. Màmá fúnra rẹ̀ ló da gbogbo rẹ̀ síná. Olùkọ́ náà wá dàgbà lọ́wọ́ rẹ̀ láìmọ bí ojú ẹni tó bí i ṣe rí. Ṣùgbọ́n Màmá rántí pé àwọn onímọ̀ kan ya fọ́tò àbúrò òun níbi tó ti ń mọ ìkòkò, àwọn èèyàn sì sọ fún un pé ọ̀dọ̀ wa ni irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ wà.

"Ojú mi ń lọ," ni Màmá wí. "Bí n kò bá tọ́ka rẹ̀ hàn án báyìí, ta ló kù tó mọ̀ ọ́n?"

Ọ̀gá mi, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, lọ gbé ìdì fọ́tò Ipogun jáde. Háà, ó ti lẹ̀ pọ̀ gbagidi. Bí o bá fi ipá ṣí irú rẹ̀, ojú fọ́tò á bó kúrò. Omi ni wọ́n máa ń rẹ ẹ́ sí, omi mímọ́, kí ó lè máa tú díẹ̀díẹ̀. Omi ẹ̀rọ sì ti gbẹ, omi òjò tí a gbà pamọ́ la fi aṣọ funfun sẹ́ sínú abọ́ ńlá kan, gbogbo wa wá jókòó tì í. Mo ń gbàdúrà nínú mi. Wọ́n ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan: ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀, ìkòkò tí wọ́n tò sóòrùn, àwọn obìnrin tó ń sunkòkò. Màmá á tẹ orí ba títí imú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, á sì mi orí.

Nígbà tó yá, ó di etí abọ́ náà mú. Ọ̀já ló kọ́kọ́ dá mọ̀, ọ̀já onílà tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ hun fún àbúrò rẹ̀ nígbà tó bímọ. Ó ní, "Òun nìyí."

A sún mọ́ ọn. Obìnrin inú fọ́tò náà bẹ̀rẹ̀, ó ti orí bọ ẹnu ìkòkò ńlá kan, ó ń dán inú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan la rí. Onímọ̀ tó ya fọ́tò náà fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń dán ìkòkò hàn, ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó kọ bí ìkòkò náà ṣe ga tó àti irú amọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn fọ́tò. Kò kọ orúkọ ẹnì kankan. A tú ìyókù tán, obìnrin náà kò sí nínú wọn mọ́. Inú bí mi sí ọkùnrin tí n kò rí rí.

Màmá bú sẹ́kún. Èdè Oǹdó ló fi ń sọ̀rọ̀, ó ń yára, n kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iná tó dá lọ́jọ́sí ni. Kí a tó mọ̀, ó ti kúnlẹ̀ fún ọmọ tó tọ́ dàgbà.

Olùkọ́ náà kò tíì gbójú kúrò lára fọ́tò. Ọmọ kan wà lẹ́yìn obìnrin náà, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, ó la ojú sílẹ̀, ó ń wo ẹni tó ń ya fọ́tò.

"Ta ni ọmọ yìí?" ló bi Màmá.

"Ìwọ ni."

Ìgbà yẹn ni omi tó dà lójú rẹ̀. Ó di Màmá mú lápá méjèèjì, ó gbé e dìde. "Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi mọ́, Màmá," ló wí. "Ẹ wò ó, ó pọ̀n mí."

Ọ̀gá mi jẹ́ kí fọ́tò náà gbẹ, ó fún wọn mú lọ. Òfin kò gbà á, ọ̀gá kò sì wò mí lójú. Mo gbọ́ pé Màmá kò ríran mọ́ rárá kí ọdún náà tó parí.

Mo máa ń káàánú olùkọ́ yẹn, pé ó wá ojú ìyá rẹ̀ wá, kò rí i. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí ìyá tèmi fi kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo kó gbogbo fọ́tò ilé wa sílẹ̀. Ojú ìyá mi kún ibẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín lọ́tùn-ún lósì. Mo yẹ gbogbo rẹ̀ wò tán, n kò rí ẹyọ kan tó ti pọ̀n mí.