Kajú Tí Mò Ń Rà Lọ́wọ́ Ọmọdé

Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ojú ọ̀run rí bí eérú, ètè mi ti là. Mo jókòó níwájú ilé, mò ń fi òrí pa á, nígbà tí ọdẹ kan tó ń ṣọ́ oko kajú mú ọmọ ọmọ mi obìnrin dé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ọwọ́ mi ló wà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn. Mo ṣe bí ó wà níléèwé. Oje kajú ti ba aṣọ iléèwé rẹ̀ jẹ́. Ọdẹ gbé àpò kajú kan sílẹ̀. Olóko wà lẹ́yìn wọn.

Olóko bi mí pé, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ ni olè yìí?"

"Èmi ni mo ni ín."

Mi ò ké, mi ò bínú. Olóko ní àgọ́ ọlọ́pàá lòun ń mú un lọ, òun kàn ní kóun kọ́kọ́ fi hàn mí.

Mo bi ọmọ náà pé, "Ta lo fẹ́ tà á fún?"

Ó wolẹ̀. "Ẹ̀yin ni, Ìyá àgbà. Ọ̀rẹ́ mi ni ìbá bá mi gbé e wá. Ẹ kì í béèrè ibi tá a ti rí i."

Ọdẹ bú sẹ́rìn-ín. "À ń ṣọ́ oko, àṣé ilé Ìyá ló yẹ ká máa ṣọ́!"

Òótọ́ ni. Bí ìgbà kajú bá dé, màá gbé ọpọ́n àti kọ́ńgò síta, àwọn ọmọ á gbé tiwọn wá nínú ọ̀rá, màá rà á. Mo mọ̀ pé ilé ẹlòmíràn nínú wọn kò ní igi kajú kan ṣoṣo. Mo sì ń sọ fún ọmọ tèmi pé olè kò dáa.

Mo kúnlẹ̀. "Bí ẹ bá ń mú un lọ, ẹ mú èmi náà. Èmi ni mò ń ra èyí tí wọ́n ń jí."

"Ìyá, ẹ dìde! Kí àgbà má kúnlẹ̀ fún mi." Olóko wo ọpọ́n mi títí. "Ó dáa, mi ò mú un lọ mọ́. Ṣùgbọ́n òun ni yóò ṣa èyí tó kù nílẹ̀ lóko mi. Kí ẹ̀yin náà gbé ọpọ́n yẹn wọlé."

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ọpọ́n náà wọlé, mo dojú rẹ̀ dé. Èmi àti ọmọ náà jọ lọ sóko, a ṣa kajú títí oòrùn fi kanrí. Nígbà tá a délé, ọmọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀.

"Ìyá àgbà, ṣé ẹ ò rà lónìí ni?"

"Níbo lo ti rí i?"

Ó gbé ọ̀rá náà pa mọ́ sẹ́yìn.

"Lọ pe ìyá rẹ wá."

Ó gbé ọ̀rá rẹ̀, ó gba ilé ẹlòmíràn tó ń ra kajú lọ. Mo wọlé, mo lọ gbé omi kaná tí èmi àti ọmọ mi yóò fi wẹ̀.