Fìlà Bàbá Ràímì ní Ààfin Àjàṣẹ́

Wọn kò tíì pe ìrun Àsùbáà ní Àpòmù nígbà tí èmi àti Bàbá Ràímì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wọkọ̀. Ọ̀mọlé ni Bàbá. Ilé amọ̀ ni wọ́n ń mọ kí búlọ́ọ̀kù tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé nípa ààfin àtijọ́ tó wà ní Àjàṣẹ́, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí àwọn Faransé ń pè ní Pọtonófò. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá pé amọ̀ pupa ni ògiri rẹ̀, wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ fojú kàn án kí orúnkún àwọn tó kọ ìrìn.

Ilẹ̀ mọ́ bá wa lórí afárá Aṣéjírè. Aago méjìlá kù díẹ̀ ni a dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, a sì wọ takisí, ẹgbẹ̀rún kan sẹfà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Sẹfà ni owó wọn. Mo fi dòdò Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín tó dúdú bí èédú, lọ awakọ̀.

“Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, kí lẹ jó báyìí?”

“Kò jóná,” ni Bàbá wí. “Fi sẹ́nu ná.”

Kò pẹ́ tó tún nawọ́ sẹ́yìn.

Ní ẹnu ọ̀nà ààfin, obìnrin tó ń mú àlejò yí ká kí wa ní Yorùbá. “Ẹ kú àbọ̀ o. Bàbá, ẹ bá wa ṣí fìlà.”

“Ṣé ọba wà nílé?”

“Rárá o. Ilé ohun àtijọ́ ni báyìí.”

“Àga òfìfo ni kí n wá ṣí fìlà fún? Ọba Àpòmù nìkan ni mo ń ṣí fìlà fún.”

“Àṣẹ ilé ni, Bàbá.”

“Ó dáa. Àkànní, máa wọlé. Màá dúró níbòji.”

Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà. Obìnrin náà ní kí wọ́n kàn yọjú wo ògiri láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn yẹn kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ínṣì mẹ́ta lọ. Èmi ni mo fi téèpù Bàbá wọ̀n ọ́n. Bí Bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀, àtẹ́rígbà gba fìlà lórí wọn, ó bọ́ sílẹ̀.

Bàbá kò tilẹ̀ wo fìlà. Wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri.

“Àkànní, wá wò ó. Wọ́n mọ ọ́n ní ipele ipele, síbẹ̀ o kò rí ibi tí ìkan ti pàdé èkejì.”

Wọ́n mú fìlà nílẹ̀, wọ́n gbọn eruku rẹ̀ nù, wọ́n tì í bọ àpò. Háà, ara tù mí! Wákàtí méjì gbáko ni a fi lọ láti àgbàlá dé àgbàlá, kò sì sí fìlà lórí Bàbá.

A sùn ní Àjàṣẹ́, a padà délé lọ́jọ́ kejì. Nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà, orúkọ ọba ni mo mọ̀ lórí. N kò bi ara mi rí ta ló po amọ̀.

Ìyàwó Bàbá ti gbọ́ lẹ́nu mi kí a tó jẹun. “Bàbá Ràímì, wọ́n ní ẹ ṣí fìlà fún ọba ìlú onílùú.”

“Ọba wo? Ọ̀mọlé ẹlẹgbẹ́ mi ni mo ṣí i fún.”