Bí Ìyá Onírọ́bà Ṣe Fi Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ Sílẹ̀

Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ omi kan dé Ṣakí ní ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn, wọ́n ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan fi ẹni méjì ránṣẹ́ láti wá kọ́ bí a ṣe ń tún kànga ẹ̀rọ ṣe, irú èyí tí a ń fi ọwọ́ fà. Ní Ògbóòrò tiwa, ohun tí àwọn ọkùnrin kọ́kọ́ béèrè ni bóyá owó oúnjẹ wà níbẹ̀. Wọ́n ní kò sí. Lójú ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ náà di iṣẹ́ obìnrin. Wọ́n wo agboolé kiri, wọ́n mú Mùyìbátù, ìyàwó Kàdírì oníṣu, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Wọ́n fi ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Wàhábì kún un, kí àwọn ará Ṣakí má baà rò pé obìnrin nìkan ni ìlú wa ní. Wàhábì kò lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ Èkó. Mùyìbátù kọ́ ọ parí.

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, tíṣà ni mí, Ọlágòkè ni orúkọ mi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò Ìdí-Igbá, ọwọ́ mi ni gbogbo ìwé burúkú tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí sì ti jáde. Bí mo bá bú àwọn yòókù, kí ẹ mọ̀ pé mo wà láàárín wọn.

Ọdún méjìlá ni obìnrin yìí fi gun ọ̀kadà àlòkù kan láti kànga dé kànga. Òun ló ń tú orí ẹ̀rọ, tí ń fa páìpù jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ń pààrọ̀ rọ́bà tó ti jẹ nísàlẹ̀, tí yóò sì tò ó padà. Kànga mẹ́wàá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, márùn-ún nínú wọn ní Ìdí-Igbá tiwa, kò sì sí ọ̀kan tí ó kú ju ọjọ́ méjì lọ. Ẹ má rò pé ìlú dúpẹ́. Ìyá Misturat ni à ń pè é nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ṣùgbọ́n bó bá ti yí ẹ̀yìn, Ìyá Onírọ́bà ni. Bí ó bá dé ibi kànga, àwọn àgbà ọkùnrin tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi kì í sún sẹ́yìn kí ó ráyè gbé páìpù kọjá. Wọ́n á máa kọ́ ọ níṣẹ́ láti orí ìjókòó wọn. Òun a máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ní ojú kan tí í fi í wo ènìyàn, bí ẹni tó rí eṣinṣin lórí iṣu tí kò fẹ́ jẹ.

Ní ọdún tó kọjá, Alùhájì Mákánjúọlá, ọmọ Ìdí-Igbá tó ń gbé Èkó, fi kànga ìgbàlódé ta ìlú lọ́rẹ, èyí tó ń fi sólà fa omi sínú táǹkì gíga. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára táǹkì náà, wọ́n sì kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sísàlẹ̀. A pa àtíbàbà, a sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi gbẹ. Alága ẹgbẹ́ wa, Adétòkunbọ̀, ẹni tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ aṣọ́bodè tí kò sì tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu àṣẹ pípa, kéde pé ọjọ́ náà ni òùngbẹ parí ní Ògbóòrò. Wọ́n ṣí ẹnu ẹ̀rọ, omi tú jáde, a pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, omi dá. Alága ránṣẹ́ pe Ìyá Misturat. Ó dé, ó tú ohun tó yẹ kó tú, lẹ́yìn náà ó so òkúta mọ́ okùn, ó sọ ọ́ sínú ihò náà. Nígbà tó fa á jáde, okùn gbẹ láti òkè délẹ̀, erùpẹ̀ funfun sì wà lára òkúta. Ó gbé e wá sípàdé ẹgbẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ó fi í lélẹ̀ níwájú gbogbo wa. Ó ní ihò náà kò kan omi rárá, kò tilẹ̀ jìn tó kànga àtijọ́ tí àwọn baba wa fi ọkọ́ gbẹ́. Ó ní ọkọ̀ agbómi láti Ṣakí ló kún táǹkì yẹn ní òru ọjọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ, àti pé òun rí ipa táyà rẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rí i. Ṣùgbọ́n Alùhájì ti ṣèlérí láti fi páànù bo gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, Alága sì ń retí oyè. Nítorí náà wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ẹnìkan ní ìlara ló ń dà á láàmú, pé ó rí i pé sólà yóò gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ní obìnrin náà ló bà á jẹ́ nígbà tó ń tú u. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti fẹnu kò pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kànga kankan ní àdúgbò mọ́, àfi bó bá kúnlẹ̀ bẹ ẹgbẹ́. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo kọ ọ́. Wọ́n tún ní kí n kọ ìwé àforíjì sí Alùhájì fún ìwà tí ọmọ ìlú hù. Mo kọ ìyẹn náà, gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ sì dùn.

Ní oṣù kan náà ni ìránṣẹ́ dé láti abúlé Ìbàrìbá kan lọ́nà Kàyámà, ní Ìpínlẹ̀ Kwárà. Mùyìbátù ti tún kànga ṣe fún wọn rí lẹ́ẹ̀mejì. Olórí abúlé náà ní kí ó wá máa gbé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n á fún un ní ilé, wọ́n á fún ọkọ rẹ̀ ní ilẹ̀ tí yóò kọ ebè sí, àwọn abúlé méje tó yí wọn ká yóò sì máa lo iṣẹ́ rẹ̀.

Kò dìde lọ lọ́jọ́ náà. Ó rò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Misturat ku ọdún kan kó ṣe ìdánwò àṣejáde, ó sì ń jẹ àǹfààní ọmọ ìpínlẹ̀ nílé ìwé. Bí wọ́n bá kọjá sí Kwárà, àlejò ni yóò jẹ́ nínú gbogbo ìwé tó bá kọ. Mùyìbátù kò gbọ́ ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ nínú èdè Ìbàrìbá. Ìyá rẹ̀ sì wà, Àdìjátù, arúgbó tí orúnkún ń dùn, tó búra pé òun kò ní bá ẹnikẹ́ni lọ síbi tí wọn kò ti mọ oríkì òun. Mùyìbátù lọ wo ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tó padà dé, kò yin ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé olórí abúlé náà ń pọ́n ara rẹ̀ lé, pé àkọ́bí rẹ̀ ọ̀lẹ ni, àti pé yàrá tí wọ́n fẹ́ fún àwọn ń jò.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹgbẹ́ rán mi sí i pé ìgbà wo ni yóò wá kúnlẹ̀, nítorí pé kànga méjì ti dákẹ́. Mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń da epo sára ṣéènì ọ̀kadà rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà, Kàdírì sì ń pọ́n ọkọ́. Mo jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Mo tún fi tèmi kún un, mo ní kò sí bí ilé ẹni ṣe lè burú tó, ilé ni.

Ó nu ọwọ́. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin ni ẹ kọ ìwé yẹn. Ṣé ẹ gbà á gbọ́ nígbà tí ẹ ń kọ ọ́?"

Mo ní rárá.

"Ẹ̀yin gan-an lẹ burú jù nínú wọn. Àwọn yòókù gọ̀. Ẹ̀yin, ẹ mọ̀wé."

Kò pariwo. Bí ẹni ń sọ pé òjò ń bọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ló kígbe, kì í ṣe lé mi lórí, ọmọ rẹ̀ ni ó kígbe mọ́. Ó ní kó lọ kúnlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tán, pé ìkúnlẹ̀ kì í pa obìnrin. Ó ní ìpínlẹ̀ onípìnlẹ̀ ni Kwárà, bó bá kú síbẹ̀ ńkọ́, ta ni yóò sin ín?

"Màámi," Mùyìbátù dáhùn, "bí mo bá kú síbí, àwọn wọ̀nyí náà ni yóò gbẹ́ ilẹ̀ mi. Ẹ sì ti rí irú ihò tí wọ́n ń gbẹ́."

Kàdírì rẹ́rìn-ín títí ọkọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í bóyá kò ní í tì í lójú kí wọ́n máa sọ pé ìyàwó rẹ̀ ló kó o lọ. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Iṣu ni mò ń gbìn. N kò gbin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́."

Mo bi Mùyìbátù ní ìkẹyìn bóyá àwọn Ìbàrìbá wọ̀nyẹn sàn jù wá lọ ni. Ó ní wọn kò sàn jù wá lọ rárá. Wọ́n kàn mọ̀ pé omi ni àwọn ń mu ni.

Wọ́n kó ẹrù ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e. Misturat dúró sọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ kó lè parí ẹ̀kọ́. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń lọ, àwọn tó wà lábẹ́ igi ń rẹ́rìn-ín, Alága sì ní òun fún un ní oṣù mẹ́ta, yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wá. Obìnrin tó ń lọ kò wẹ̀yìn. Mo rò pé kò sí ohun tó fẹ́ rí.

Oṣù mẹ́ta pé, ọyẹ́ sì ti dé. Nígbà náà, kànga kan péré ló kù tó ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò, kò sì pẹ́ tí òun náà fi kú. Alága mú ọkùnrin kan wá láti Ìbàdàn, oníṣẹ́ omi tó wọ bàtà onírọ́bà gígùn. Ó ya fọ́tò kànga kọ̀ọ̀kan, ó jẹ iyán, ó lọ. Àwọn obìnrin padà sí odò, wọ́n ń fi igbá bu ohun tó kù láàárín òkúta. Àwọn ọkùnrin tó wà lábẹ́ igi kò rí ẹni tí wọ́n máa kọ́ níṣẹ́ mọ́, wọ́n wá ń ráhùn pé omi ìwẹ̀ kò tètè ń dé.

Ní ìparí oṣù kejì ọdún, Alága wá sípàdé pẹ̀lú ìròyìn. Ẹni tó ń ta páìpù ní Ṣakí ti júwe ẹnjinía kan fún un ní Kwárà, tí gbogbo ọ̀nà Kàyámà ń yìn, ó sì fún un ní nọ́ńbà. Ó kà á sókè: Ẹnjinía M. Ládòkun. Ó ní ẹ̀yin ẹ wo ìyàtọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn mọ iyì ọmọ wọn. Gbogbo ilé mi orí.

Ládòkun ni orúkọ bàbá Mùyìbátù. Ọdún méjìlá tí ó fi ṣiṣẹ́ fún wọn, kò sí ẹnìkan nínú wọn tó béèrè orúkọ bàbá rẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n nítorí pé èmi ni mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù nígbà tó ń lọ kọ́ṣẹ́ ní Ṣakí. Wọ́n ní kí n kọ ìwé ìpè ránṣẹ́ sí nọ́ńbà náà. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá, "Ẹnjinía wa ọ̀wọ́n," n kò sì sọ nǹkan kan fún wọn. Nínú gbogbo ìwé tí mo ti kọ fún ẹgbẹ́ náà, ìyẹn nìkan ni ojú kò tì mí fún.

Ó fèsì pé òun ń bọ̀ ní Tọ́sìdeè. Wọ́n gbá ẹnu kànga mọ́. Wọ́n gbé àga onítìmùtìmù ti Alága fúnra rẹ̀ wá, wọ́n fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú báàfù oníyìnyín, Alága sì wọ agbádá. Nígbà tí aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, a gbọ́ ìró ọ̀kadà tí gbogbo wa mọ̀. Mùyìbátù sọ̀ kalẹ̀, ó tú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn. Alága yọrùn wo ọ̀nà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó bi í pé ẹnjinía ńkọ́.

"Èmi ni," ó ní. "Ẹ bá mi sún àga yìí kúrò, ó dí mi lọ́nà."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Alága gbé àga náà fúnra rẹ̀. Mùyìbátù tú orí ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Nígbà tó kan fífa páìpù, ó ní kí ọkùnrin méjì wá dì í mú, ó sì nawọ́ sí àwọn tó fẹ́. Báyìí ni alága tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ aṣọ́bodè ṣe dúró nínú oòrùn pẹ̀lú agbádá, tó di páìpù mú, tí omi pupa ń ṣàn sí i lápá. Rọ́bà tó ti jẹ ló fà á. Ní kànga márààrún, rọ́bà ni. Kí oòrùn tó wọ̀, omi ti ń jáde nínú gbogbo wọn.

Kò mu nínú ohun tó wà nínú báàfù. Nígbà tó ń di ẹrù rẹ̀, Alága fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé ilé ṣì ni ilé, pé ẹgbẹ́ ti foríjì í. Mo rò pé yóò bú u. Ó wò ó díẹ̀, ó yí ojú sí mi, ó ní kí n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ibi tí gbogbo obìnrin àdúgbò yóò ti rí i, kí wọ́n má tún gba ọ̀dọ̀ Alága kọjá kí wọ́n tó pè é. Ó wá kọjá sílé ìyá rẹ̀, ó sùn níbẹ̀, ó sì gba ọ̀nà Kìṣí lọ ní òwúrọ̀. Ìyá rẹ̀ kò bá a lọ. Arúgbó náà sọ fún mi pé inú òun kò dùn, ṣùgbọ́n òun kò lè sọ pé ọmọ náà ṣe àṣìṣe.

Misturat ti ṣe ìdánwò tán báyìí, ó sì ti lọ bá wọn. Mo gbọ́ pé iṣu Kàdírì ta dáadáa lọ́dún yìí, pé yàrá náà ṣì ń jò, pé Mùyìbátù àti àkọ́bí olórí abúlé kì í kí ara wọn. Ní ìpàdé tó kọjá, àlejò kan láti Ìpàpó béèrè lọ́wọ́ wa bí a ṣe rí obìnrin tó mọ iṣẹ́ omi báyìí. Alága gúnwà sórí àga. Ó ní ẹgbẹ́ wa ló ronú jinlẹ̀, tó sì rán an lọ sí Kwárà láti lọ kọ́ṣẹ́. Gbogbo ilé tún mi orí. Ó yíjú sí mi, ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé. Mo fi ìdérí dé bíìrò mi, mo ní yíǹkì inú rẹ̀ ti tán.